Kí ló ń mú kí gémù àtijọ́ kan wọ́n ju èkejì lọ?

Ọlọ́jàTuntun béèrè:

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin àgbà tó ń kó gémù àtijọ́ jọ. Orí mi ti fẹ́ dàrú lórí ọ̀rọ̀ iye owó yìí. Ẹ wo EarthBound ti Super Nintendo, ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà: kátíríìjì lásán ń lọ ní igba dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí páálí àti ìwé rẹ̀ bá pé, ó ti fò kọjá ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá wo ẹ̀dà ti Japan, tí wọ́n ń pè ní Mother 2. Gémù kan náà ni, àwọn kan náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún dọ́là ni wọ́n ń ta kátíríìjì rẹ̀ lásán.

Super Mario Bros. ńkọ́, tó kún ilé káàkiri ayé? Ẹ̀dà kan lọ ní 660,000 dọ́là ní gbàǹjo ní oṣù kẹrin 2021. E.T. ti Atari náà rèé, tí kò sẹ́ni tó yìn ín rí: wọ́n wú u jáde látinú ààtàn, ẹnì kan sì san ju 1,500 dọ́là lọ fún ẹyọ kan.

Ṣé ọjọ́ orí ló ń sọ iye ni, àbí ọ̀wọ́n (pé kò pọ̀ nílẹ̀), àbí bí gémù ṣe dùn tó? Tí èèyàn bá sì fẹ́ ra EarthBound gan-an, báwo ló ṣe máa mọ iye tó yẹ kó san, kí wọ́n má sì gbé ayédèrú lé e lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáKátíríìjì dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀. Kátíríìjì Atari 2600 tó ti lé ní ogójì ọdún kún ọjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó dọ́là mẹ́wàá. Dídùn nìkan náà kò tó. Ta ni kò gbádùn Super Mario World? Àmọ́ inú àpótí ẹ̀rọ Super Nintendo gan-an ni wọ́n ti ń bá a wá, ó wà nílé ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ẹ̀rọ náà, ìdí nìyẹn tí kátíríìjì rẹ̀ kò fi wọ́n. Ọ̀wọ́n nìkan ńkọ́? Àwọn gémù eré ìdárayá kan wà tó ṣòro rí gan-an, síbẹ̀ ẹni tó bá rí wọn kì í tilẹ̀ bojú wò wọ́n.

Ohun méjì ló jọ ń pinnu iye owó: iye tó ṣẹ́ kù ní irú ipò tí ẹ ń wá a, àti iye ènìyàn tó ń wá a lónìí. "Irú ipò" àti "lónìí" yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò dá.

EarthBound jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà 1995. Ìgbà tó burú fún un nìyẹn. Super Nintendo ti ń kógbá wọlé, PlayStation sì dé síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ìpolówó tí wọ́n ṣe fún un ń pariwo pé gémù náà ń rùn. Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nǹkan bí 140,000 ló tà ní Amẹ́ríkà. 140,000 kì í ṣe ọ̀wọ́n o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gba owó yín. Ohun tó yí ìtàn rẹ̀ padà ni Super Smash Bros. ti 1999, níbi tí wọ́n ti fi Ness, ọmọ inú EarthBound, sáàárín àwọn tó ń jà. Àìmọye ọmọ ló kọ́kọ́ pàdé Ness níbẹ̀, tí wọ́n wá ń béèrè pé ọmọ ta ni. Bẹ́ẹ̀ Nintendo kò tún gbé EarthBound jáde lóde Japan títí di 2013, nígbà tó dé orí ẹ̀rọ Nintendo tí wọ́n ń pè ní Wii U. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni àwọn tó ń wá a fi ń pọ̀ sí i, tí iye tó wà nílẹ̀ kò sì lé ẹyọ kan.

Ní Japan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mother 2 jáde níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1994, ó tà ju ti Amẹ́ríkà lọ ní ìlọ́po, wọ́n sì tún un tẹ̀ sínú kátíríìjì Game Boy Advance ní 2003. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ sísọ ló kún inú gémù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò gbọ́ Japanese kò lè rí i ṣe. Nítorí náà, àwọn ará Japan nìkan ló kù tí wọ́n ń bá ara wọn ná an.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí páálí, torí ibẹ̀ ni owó sá sí. Sega Genesis máa ń wá nínú ike líle tó ń ṣí bí ìwé, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gémù Genesis ṣì wà pẹ̀lú ilé rẹ̀ títí dòní. Ti Super Nintendo, páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ọmọ á fa ẹnu rẹ̀ ya, ìyá á da páálí nù, kátíríìjì á ṣẹ́ kù. Ti EarthBound tilẹ̀ tún burú sí i, torí páálí rẹ̀ tóbi ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé atọ́nà ńlá kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gémù, kò sì rí ibì kankan wọ̀ lórí àtẹ. Wọ́n ń gbé nǹkan lé e lórí, igun rẹ̀ ń rún, ojú rẹ̀ ń ṣá sí oòrùn níbi fèrèsé ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé atọ́nà yẹn náà ni ìwé ìlò rẹ̀. Kò sí ìwé kékeré mìíràn. Ẹni tó bá ní òun ń ta "ìwé kékeré EarthBound" fún yín lọ́tọ̀, ẹ kí i kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn ìwé náà ni àwọn káàdì tí èèyàn ń fi èékánná họ kó tó gbọ́ òórùn wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fà wọ́n ya tàbí họ wọ́n tán. Ìwé tí káàdì rẹ̀ ṣì wà láìfọwọ́kàn máa ń fi gedegbe wọ́n ju èyí tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé kan péré ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tó ń retí pé àtúntẹ̀ yóò já owó rẹ̀ lulẹ̀, ẹ wò ó: ó dé Wii U ní 2013, ó wà nínú Super NES Classic ní 2017, ó dé Switch ní 2022. Kátíríìjì náà ṣì wọ́n. Àwọn tó kàn fẹ́ ṣeré ti bọ́ sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ ní i lọ́wọ́ kò kúrò.

SíkúrùMẹ́ta dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n BàbáKátíríìjì ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Èmi á mú ti NES, ẹ̀rọ Nintendo tó ṣáájú Super Nintendo, torí ibẹ̀ la ti ń rí i pé orúkọ gémù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà.

Stadium Events ni àpẹẹrẹ tó yanjú jù. Ilé iṣẹ́ Bandai ló gbé e jáde ní 1987, pẹ̀lú ẹní tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nintendo ra ẹ̀tọ́ ẹní náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Power Pad, wọ́n sì tún gémù náà sọ lórúkọ: World Class Track Meet. Èyí tó kù ní Stadium Events ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ. Ohun tí àwọn olùkójọ gbà ni pé nǹkan bí 200 ló dé ọwọ́ oníbàárà. Eré inú méjèèjì kò yàtọ̀ sí ara wọn, ẹ ó sì rí World Class Track Meet rà ní dọ́là bíi mélòó kan. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì àti páálí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là tó kù ń rà. Ẹ kíyè sára, torí wọ́n ta Stadium Events ní Yúróòpù náà, èyí kò sì wọ́n tó ti Amẹ́ríkà rárá. Kóòdù iwájú lẹ́bẹ́ẹ̀lì ti Amẹ́ríkà máa ń parí sí USA. Ẹni tí kò bá ka kóòdù yẹn ló máa ń san owó Amẹ́ríkà fún ti Yúróòpù.

Kátíríìjì ìdíje Nintendo World Championships ti 1990: eérú 90, wúrà 26. Àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn ni wọ́n fún ní eérú, wúrà sì jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn Nintendo Power. Nínú irú èyí, ọ̀wọ́n ńṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí iye rẹ̀ ṣeé kà, gbogbo ayé sì mọ iye náà. Ayédèrú rẹ̀ ju ojúlówó lọ, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ gbìyànjú láti rà á lórí fọ́tò.

Ní ti Super Mario Bros. tí ẹ béèrè: kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni. Léraléra ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti 1985. Àwọn páálí àkọ́kọ́ kò sí nínú ọ̀rá, stíkà kékeré ni wọ́n fi pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dé. Páálí ìjímìjí ní ahọ́n páálí lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, wọ́n sì yọ ọ́ nígbà tó yá. Èdìdì ìjójúlówó Nintendo tó wà lójú páálí rí róbótó tẹ́lẹ̀, ó wá di gígùn bí ẹyin. Ẹni tó ń ta èyí tó ní èdìdì bí ẹyin, tó wá ń pè é ní "àkọ́tẹ̀", ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn àmì bíi mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ń ya èyí tó ju ogójì mílíọ̀nù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyọ díẹ̀ tí àwọn olówó ń jà sí.

Tó bá wá kan èyí tí wọ́n kò tíì tú, tó wà nínú àpótí ike pẹ̀lú máàkì, ọjà mìíràn pátápátá nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Wata ń fún páálí ní máàkì láti 0.5 dé 10, ó sì ń fi lẹ́tà sọ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe rí, A++ ni ó ga jù. Ẹ wo bí ó ṣe lọ: oṣù keje 2020, Super Mario Bros. kan lọ ní 114,000 dọ́là. Oṣù kẹrin 2021, 660,000. Oṣù keje 2021, The Legend of Zelda lọ ní 870,000, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà Super Mario 64 kan tó gba 9.8 A++ lọ ní 1,560,000. Super Mario 64! Gémù tó tà ju mílíọ̀nù mọ́kànlá lọ. Oṣù kẹjọ, Super Mario Bros. mìíràn di mílíọ̀nù méjì. Láàárín ọdún kan àti oṣù kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ wọ ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ Wata ní 2022, iye owó àwọn aláàpótí sì já lulẹ̀ gan-an lẹ́yìn 2021.

Ohun tó yẹ kó yé yín níbẹ̀ rọrùn. Bí ẹyọ márùn-ún bá ní 9.8 lónìí, tí ẹlòmíràn bá tún gbé ẹyọ mẹ́wàá wá fún máàkì lọ́la, tí wọ́n sì gba 9.8, ọ̀wọ́n tí ẹ sanwó fún ti tán. Kátíríìjì tó ti jáde nínú páálí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Èrò tèmi: ẹni tí kò bá lè fi ojú ara rẹ̀ yà 9.4 sọ́tọ̀ kúrò lára 9.8, kó má sanwó ìyàtọ̀ wọn.

E.T. ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2014 ni wọ́n wú ààtàn Alamogordo ní New Mexico, níbi tí Atari ti da ẹrù sí ní 1983. Ìjọba ìlú náà ta 881 nínú ohun tí wọ́n rí, ó mú ju 107,000 dọ́là wọlé. Èyí tó wọ́n jù gba 1,535. Ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ìjọba ìlú ló bá ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ yọ ìwé ẹ̀rí yẹn kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni kátíríìjì tó bàjẹ́ tó ń rùn. E.T. tí kò wọ ilẹ̀ rí, tó mọ́ tónítóní, ẹ lè fi owó búrẹ́dì rà á.

Ọlọ́jàTuntun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń yé mi. Ẹ wá là mí lójú lórí bí mo ṣe máa mọ iye gan-an. Ẹnì kan ń pe 900, ẹlòmíràn 1,600, fún ohun tó jọra.

ÀǹtíPáálí dáhùn:

Àbúrò, iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n san. Lórí eBay, ẹ tẹ ibi tó ń fi èyí tí wọ́n ti tà hàn, ìyẹn Sold Items. Èyí tó wà lórí àtẹ lè máa wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, torí kò sẹ́ni tó ra. Ẹ fi owó ìfìránṣẹ́ kún iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fojú sọ́nà fún èyí tí wọ́n fa ìlà gba orí iye rẹ̀. Ìlà yẹn túmọ̀ sí pé olùtajà gba iye tó kéré ju èyí tí wọ́n kọ lọ, ẹ kò sì rí iye náà. Ẹ má kà á mọ́ ìṣirò.

Ẹ kó ẹyọ bíi mẹ́wàá jọ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ju méjì tó ga jù àti méjì tó kéré jù nù, torí ayédèrú wà nínú èyí tó kéré, ìwà wèrè sì wà nínú èyí tó ga. Iye tó wà láàárín mẹ́fà tó kù ni ọjà. Ìkànnì PriceCharting ń ṣe irú ìṣirò yìí fún kátíríìjì lásán, fún ti pípé, àti fún èyí tí a kò tú. Ó wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ igun tó rún, ó sì máa ń da ẹni tó gbàgbé láti sọ pé ìwé kò sí pọ̀ mọ́ àwọn tó pé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹrù náà sí wẹ́wẹ́: páálí òfìfo ń lọ ní èló, ìwé atọ́nà ní èló, kátíríìjì ní èló, àtẹ inú páálí (èyí tó ń gbé kátíríìjì dúró) ní èló? Ọ̀pọ̀ ìgbà, àpapọ̀ wọn máa ń kéré sí iye ẹni tó ń ta odidi, tàbí kó ju ú lọ. Tó bá kéré, ẹ rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń ra gémù pípé láti tú u tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń sọ pípé di ọ̀wọ́n sí i.

Àpẹẹrẹ tó ga jù lórí páálí ni ClayFighter: Sculptor's Cut ti Nintendo 64. Blockbuster, ilé ìyágémù ní Amẹ́ríkà, nìkan ló ní i ní 1998, fún yíyá, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìyágémù kì í tọ́jú páálí. Kátíríìjì rẹ̀ wọ́n gan-an, páálí rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ olùkójọ kò tíì fi ojú rí.

Nínú fọ́tò, àwọn ohun tó ń gé owó rèé, bí mo ṣe máa ń wò wọ́n. Igun páálí kọ́kọ́, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kì í ṣe mẹ́rin iwájú nìkan. Ẹnu páálí, bóyá ó ya níbi tí wọ́n ti ń ṣí i. Àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí àwọ̀ iwájú: pupa ló kọ́kọ́ ń ṣá, tí ẹ̀gbẹ́ bá ti di àwọ̀ ọsàn, oòrùn ti jẹ ẹ́. Stíkà ilé ìyágémù, àti ibi tí wọ́n ti yọ stíkà rí, torí páálí máa ń ṣí bó pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n fi máàkà kọ. Tó bá wà lára ike, ó ṣeé nù pẹ̀lú sípírítì. Tó bá wà lójú lẹ́bẹ́ẹ̀lì, ẹ gé e kúrò nínú owó, torí kò ní kúrò láìmú àwọ̀ lẹ́bẹ́ẹ̀lì dání.

Ẹni tó bá wà ní London, ẹ mọ̀ pé gémù PAL, ìyẹn ẹ̀dà tó bá tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù mu, ni ibẹ̀. EarthBound kò jáde níbẹ̀ láyé Super Nintendo, nítorí náà "EarthBound PAL" kankan kò sí. Ẹ̀rọ PAL ń sáré ní 50Hz, ọ̀pọ̀ gémù rẹ̀ ló sì falẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà má bìkítà fún wọn, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì rọrùn rà. Ilé ìtajà CeX máa ń kọ iye tí wọ́n ń tà àti iye tí wọ́n ń rà sí gbangba, ẹ fi wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jáde lọ sí ọjà ẹ̀yìn mọ́tò ní ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ_Alaba dáhùn:

Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo fi díẹ̀ kún un fún àwọn tó wà nílé. Dísíìkì PS2 tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ṣíìpù sí kó lè ka irú dísíìkì bẹ́ẹ̀, àti kátíríìjì "9999 nínú ọ̀kan" tí a fi ń ṣe gémù tẹlifíṣọ̀n, kò sí olùkójọ tó ń fi owó gidi rà wọ́n. Ẹ̀dà wọn kò lópin, nítorí náà kò sí iye tó ṣẹ́ kù láti kà. Àmọ́ ẹ wo inú àpótí àwọn tó ń kó ẹrù tòkunbọ̀ wọlé, torí Game Boy àti Game Boy Advance ojúlówó máa ń bá wọn wá, ẹni tó ń tà á sì ń wò ó bí ohun ìṣeré ọmọdé.

Ohun mìíràn: nígbà tí Nintendo ti ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 3DS àti Wii U pa ní 27 oṣù kẹta 2023, ọ̀pọ̀ gémù 3DS gbówó lórí. Ẹ máa ṣọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

SíkúrùMẹ́ta dáhùn:

Ó ku ọ̀rọ̀ ayédèrú. Ẹ ra orí síkúrù gamebit 3.8 mm, òun ló ń ṣí kátíríìjì NES, Super Nintendo, Nintendo 64 àti Game Boy. Èyí tó jẹ́ 4.5 mm, ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, bíi Super Nintendo àti Nintendo 64. Game Boy Advance ń lo síkúrù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ ìdí bírò sórí síkúrù, ike rẹ̀ máa ń kù sínú ihò, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín yóò sì rí i.

Síkúrù méjì ló wà lára kátíríìjì Super Nintendo. Ẹ yọ wọ́n, ẹ ṣí ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀dù ojúlówó ní ọ̀rọ̀ Nintendo àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ṣíìpù ìdènà tó kéré, èyí tó ń dènà gémù ilẹ̀ mìíràn, ní D411 lójú fún Amẹ́ríkà (ti PAL ni D413). Ṣíìpù gémù fúnra rẹ̀ ní kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SNS-MB fún EarthBound, èyí tó bá kóòdù SNS-MB-USA iwájú lẹ́bẹ́ẹ̀lì mu. Bí ẹ bá rí ìṣù dúdú róbótó dípò ṣíìpù, tàbí bọ́ọ̀dù tí kò ní orúkọ kankan, ẹ dá a padà.

Àwọn kan gbọ́n ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ra gémù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á yọ ṣíìpù rẹ̀, wọ́n á jó ṣíìpù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ EarthBound sí mọ́ ọn. Orúkọ Nintendo á wà níbẹ̀, D411 á wà níbẹ̀, ojúlówó ni gbogbo rẹ̀. Ṣíìpù gémù nìkan ló ń tú àṣírí: kóòdù kò sí lójú rẹ̀, stíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń rìn kọjá lórí bọ́ọ̀dù, tàbí òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ń dán ju ti àwọn tó yí i ká lọ. Ìyẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ má dúró lórí orúkọ Nintendo.

EarthBound ní ìdáàbòbò tirẹ̀ náà. Bí ó bá rí i pé ibi ìpamọ́ inú kátíríìjì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń kìlọ̀. Bí wọ́n bá já ìkìlọ̀ yẹn kọjá láìtún èyí tó kù ṣe, àwọn ọ̀tá á pọ̀ dé ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé, gémù á dákú lẹ́nu ìjà ìkẹyìn, á sì nu gbogbo ohun tí ẹ ti pamọ́ rẹ́. Àwọn ayédèrú òde òní ti tún un ṣe, nítorí náà kó ṣiṣẹ́ dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí pé ojúlówó ni.

Pokémon Emerald ti Game Boy Advance ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà. Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí: ike rẹ̀ hàn sí inú, ẹ ó rí Nintendo tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù lókè eyín wúrà ìsàlẹ̀, ìyẹn ibi tó ń wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kékeré tí ẹ̀rọ tẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bátìrì CR1616 inú rẹ̀, aago nìkan ló wà fún. Tó bá kú, gémù á sọ fún yín, aago á dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ pamọ́ kò ní lọ. Ayédèrú máa ń sọ pé bátìrì ti kú bó ti ń jáde nínú páálí, tàbí kó gbàgbé ohun tí ẹ pamọ́.

BàbáKátíríìjì dáhùn:

Mo fẹ́ fi bátìrì tẹ̀lé e, torí ó ń gé owó. EarthBound ń lo CR2032, ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bátìrì titun máa ń wọn fóòtì (volt) mẹ́ta sí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 2.5, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra èyí tí irin pẹlẹbẹ méjì wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ má fi téèpù dè é, á yẹ̀, gémù á sì máa gbàgbé. Ẹ wo ibi tí àmì + wà kí ẹ tó yọ ti àtijọ́. Ohun tó wà ní ìpamọ́ yóò lọ bí ẹ bá yọ bátìrì, àfi tí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ tó ń ka kátíríìjì kó o sórí kọ̀ǹpútà ná. Nínú ọjà kátíríìjì lásán, bátìrì titun tí wọ́n jó dáadáa kì í dín iye kù. Òjé tó ṣàn kálẹ̀ ló ń dín in kù. Pokémon Gold, Silver àti Crystal ń lo CR2025, aago inú wọn sì ń tètè mu ún gbẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ béèrè.

Fún eyín wúrà, òwú etí pẹ̀lú sípírítì isopropyl tó jẹ́ 90% sókè, ẹ nù ún títí òwú yóò fi máa jáde ní funfun. Ẹ̀fúùfù ẹnu kò tún nǹkan ṣe, itọ́ ló ń fi sí i.

Ọlọ́jàTuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo èyí kí n tó sanwó: EarthBound pípé, 1,150 dọ́là. Igun mẹ́ta páálí ti rún, káàdì ẹ̀yìn ìwé kò sí mọ́, kò sì sí fọ́tò àtẹ inú. Iwájú lẹ́bẹ́ẹ̀lì mọ́. Olùtajà sọ pé wọn kò ṣí kátíríìjì rí.

ÀǹtíPáálí dáhùn:

Ẹ má ì tíì san. Ẹ wá iye páálí òfìfo tó ní igun rírún, kì í ṣe èyí tó dára, àti iye ìwé tí káàdì rẹ̀ ti yọ. Ẹ ro wọ́n pọ̀ mọ́ kátíríìjì. Ká ní páálí jẹ́ 400, ìwé 130, kátíríìjì 250, ó di 780. Àtẹ inú kò sí lójú, ẹ kà á sí pé kò sí. Ẹ fún un ní 800, kí ẹ sì dúró.

"Wọn kò ṣí i rí" kò sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè fọ́tò bọ́ọ̀dù, ṣíìpù gémù sí iwájú, kóòdù rẹ̀ ní kíkà. Tó bá ní òun kò ní orí síkúrù 3.8, ó ń lọ ní nǹkan bí dọ́là márùn-ún.

Ọlọ́jàTuntun:

Mo ti kọ̀wé sí i. Ó ní òun á ṣí i lálẹ́ òní.